Kí Ni Yẹn, Ta Ló sì Sọ fún Ọ?

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni gbólóhùn kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Agége ni mo ti gbọ́ ọ, lásìkò tí Ísírẹ́lì àti Ìránì ń ju mísáìlì lu ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kóra jọ lé fóònù kan lórí, wọ́n ń wo fídíò ibi tí iná ti ń ti ilẹ̀ gòkè lọ pàdé iná mìíràn lójú ọ̀run lóru. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ká ní Nàìjíríà nírú ìbọn yìí ni, ta ló máa dé Èkó wá dán nǹkan wò?” Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ ó tẹ̀ lé mi délé. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹni tí yóò jókòó ti ìbọn náà. Wọn ò béèrè ẹni tí yóò pàṣẹ pé kó yìn ín, tàbí bí yóò ṣe mọ̀ pé ohun tó ń bọ̀ lókè kì í ṣe bàálù akérò tó gbéra ní Àbújá ní wákàtí kan sẹ́yìn. Àwa tí à ń gbé láti Agége dé Ìjú mọ bí bàálù ṣe ń rẹlẹ̀ lórí òrùlé wa kó tó balẹ̀ ní Ìkẹjà. Ojú ọ̀run tiwa kì í ṣófo.

## Ìbéèrè Bàbá Ṣọ́jà

Ní àdúgbò wa, bàbá kan wà tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá Ṣọ́jà. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ìdí ìbọn ńlá ló ti ṣiṣẹ́, lẹ́ka tí àwọn ṣọ́jà ń pè ní artillery, ìbọn tó ń dojú kọ òkè ni wọ́n sì fi sí i níkàáwọ́ jù. Mo lọ kí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Mo kúnlẹ̀, ó ní kí n jókòó, mo wá bi í bóyá ìbọn lè gba Èkó sílẹ̀ lọ́wọ́ irú ohun tí à ń wò lórí fóònù.

Kò dá mi lóhùn. Bàálù kan ń bọ̀. Ó dúró títí ariwo rẹ̀ fi bo ti jẹnẹrétọ̀ ilé kejì mọ́lẹ̀, ó wá nàka sókè.

“Kí ni yẹn?”

“Bàálù ni, sà.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Mo rí i, Bàbá. Ẹ wo iná rẹ̀. Ẹ wo apá rẹ̀.”

“Ó dáa. Pa iná yẹn. Ààjìn ti jìn. Láti àná lo ò ti fojú ba oorun, torí wọ́n ní ọ̀tá lè dé nígbàkigbà. O ò rí apá kankan. Àmì tín-ín-rín kan lo rí lójú ẹ̀rọ, ọ̀dọ̀ rẹ ló sì dojú kọ. O pe ọ̀gá rẹ, ìpè ò lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 10 lo ní, ọmọ mi. Kí ni yẹn?”

Mo ń wá èsì. Ó ń fi ìka lu apá àga, ó ń kà á. Kó tó ka ẹ̀wá, bàálù náà ti kọjá lọ, àwọn èrò inú rẹ̀ á ti máa ronú bí wọ́n ṣe máa rí ọkọ̀ wọ̀ ní Ìkẹjà.

Bàbá ní, “Bí wọ́n ṣe ń yìn ín, mo lè fi ọjọ́ mélòó kan kọ́ ọ. Láti mọ ohun tó ò ń yìn ín lù, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kó odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun jọ.”

Mi ò lè gbé ìbéèrè yẹn kúrò lọ́kàn mọ́. Gbogbo ohun tí mo kà lẹ́yìn rẹ̀ nípa àwọn tó ń ti ilẹ̀ ṣọ́ òfúrufú orílẹ̀-èdè, ìbéèrè Bàbá ni mo fi ń wọ̀n ọ́n.

## Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tehran

Ohun tí Bàbá ní kí n fojú inú wò yẹn ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kìíní, ọdún 2020, Ìránì ju mísáìlì lu ibùdó tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wà ní Ìráàkì. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀san lè dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítòsí Tehran, àwọn Revolutionary Guards, ẹ̀ka kan nínú ọmọ ogun Ìránì, ní ẹ̀rọ Tor kan tí wọ́n fi ń ṣọ́ òkè, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ru rédà (ẹ̀rọ tó ń rí ohun tó ń fò látòkèèrè) àti mísáìlì pọ̀. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, wọn ò sì tún ìdojúkọ rédà rẹ̀ tò bó ti yẹ.

Papákọ̀ ò tì. Lẹ́yìn aago 6 àárọ̀, bàálù Boeing 737 ti Ukraine International Airlines gbéra níbẹ̀. Nítorí pé rédà náà ti yẹ̀, ohun tó ń jáde kúrò nílùú wá dà bí ohun tó ń wọ̀lú bọ̀. Ẹni tó jókòó tì í rò pé mísáìlì ni. Ó gbìyànjú láti bá ibi tí àṣẹ ti ń wá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò débẹ̀. Ọ̀gá àgbà ẹ̀ka náà sọ lẹ́yìn náà pé ìṣẹ́jú àáyá 10 ni ọkùnrin ọ̀hún ní láti pinnu. Ó yìn ín, ó tún yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Ènìyàn 176 ló bá a lọ, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú wọn, àwọn tó lọ sílé kí òbí tí wọ́n ń padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Kánádà. Ó di ọjọ́ 11 kí ìjọba Ìránì tó gbà pé àwọn ni.

Mo ti ka ìtàn yìí ní àkàtúnkà, ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀ ni bí ohun tó bàjẹ́ ṣe kéré tó. Mísáìlì ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Rédà ríran. Ìdojúkọ tí wọn ò tún tò ló bàjẹ́, àti ìpè tí ò lọ, àti papákọ̀ tí kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tì í fún wákàtí díẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ṣọ́ àti apànìyàn lọ́jọ́ yẹn kò ju ìyẹn lọ.

## Yàrá tí ọ̀rọ̀ ti ń pàdé

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí irú rẹ̀ tipẹ́. Ọjọ́ 6, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1939, ogun àgbáyé kejì ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ti wọ̀ ọ́. Ìró dé pé bàálù ọ̀tá ń bọ̀. Wọ́n rán bàálù tiwọn jáde lọ wò, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ sì ka àwọn tí wọ́n rán jáde yẹn mọ́ ọ̀tá. Wọ́n tún rán àwọn mìíràn lọ pàdé wọn. Bàálù Gẹ̀ẹ́sì já bàálù Gẹ̀ẹ́sì 2, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wa ọ̀kan nínú wọn, Montague Hulton-Harrop, kú. Kò sí ọmọ Jámánì kankan lókè.

Hugh Dowding ló jẹ́ olórí àwọn tó ń fi bàálù gbèjà ìlú nígbà náà. Ohun tó ti ń kọ́, tí wọ́n wá tún ṣe kó gún régé kí ogun ọdún 1940 tó le, kì í ṣe ìbọn. Yàrá ni. Àwọn òpó rédà tí wọ́n ń pè ní Chain Home dúró létí òkun, wọ́n ń wo ohun tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Bí ohun náà bá ti wọ orí ilẹ̀, rédà ìgbà yẹn ò rí i mọ́, iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Observer Corps nìyẹn, nǹkan bí 30,000 ará ìlú tí wọ́n fara wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń fi awò àti etí ṣọ́ ọ̀run lórí òkè àti nínú oko. Ìròyìn gbogbo wọn ń lọ sí Bentley Priory, ibùjókòó Dowding. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, nítorí pé ẹni mẹ́ta lè rí bàálù kan náà, kí ìlú sì rò pé bàálù mẹ́ta ló ń bọ̀. Láti yàrá yẹn ni ọ̀rọ̀ ti ń padà lọ sọ́dọ̀ àwọn awabàálù, àwọn oníbọn, àti àwọn tó ń fọn fèrè fún aráàlú kí wọ́n lọ fara pa mọ́.

Àwọn ìbọn ilẹ̀ kì í ṣe ti Dowding. Ti ṣọ́jà ilẹ̀ ni, ọ̀gágun Frederick Pile ló ń darí wọn, ṣùgbọ́n ẹnu Dowding ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó dojú kọ òkè. Wọ́n bí wọn ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ ìpè ẹnì kan. Àwọn àgbà ní àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, èmi sì gbà pé gbogbo ètò ààbò òfúrufú dá lé ìrìn pọ̀ yìí.

Ẹni tó bá ṣiyèméjì, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí Ukraine ní ọjọ́ 17, oṣù Keje, ọdún 2014. Ẹ̀rọ Buk tó ń ju mísáìlì sókè kì í dá rìn. Ọkọ̀ kan wà tó ru rédà tó ń ríran jìnnà, òmíràn wà tí àṣẹ ti ń wá, àwọn tó ru mísáìlì sì tẹ̀ lé wọn. Ọkọ̀ amísáìlì nìkan lè yìn ín, àmọ́ ìwọ̀nba ló ń rí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá láti Rọ́ṣíà lọ́jọ́ náà, láìsí àwọn yòókù. Bàálù Malaysia Airlines tó ń bọ̀ láti Amsterdam ló já, ènìyàn 298.

## Ìfé ọdẹ

Mo bi Bàbá bí bàálù ṣe máa ń jẹ́ kí a mọ ẹni tí òun jẹ́. Ó ní bàbá tó bí òun lọ́mọ, ọdẹ ni, ní ìhà Òkè-Ògùn. Bí ọdẹ méjì bá fẹ́ wọ igbó lóru, wọn á kọ́kọ́ fẹnu kò sí ìfé tí wọn yóò máa sú. Ẹni tó bá gbọ́ ìṣísẹ̀ nínú ewé á sú tirẹ̀, á sì dúró kí a dá a lóhùn kó tó gbé ìbọn sójú. Rédà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń ránṣẹ́ ìbéèrè sókè, ẹ̀rọ kan nínú bàálù ń dá a lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Àwọn tó ń darí bàálù ní Ìkẹjà ń lo irú rẹ̀ lójoojúmọ́ lábẹ́ ètò TRACON, ètò rédà tó ń wo òfúrufú Nàìjíríà, pẹ̀lú rédà kejì tí kì í béèrè nǹkan kan, tó kàn ń rí ohun tó bá wà lókè, dáhùn bóò dáhùn.

“Ṣùgbọ́n gbọ́ o,” Bàbá ní. “Ẹni tí ò dá ìfé lóhùn lè jẹ́ ẹran. Ó sì lè jẹ́ ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ tí ò gbọ́.”

Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan tó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó mọ bàálù tó yẹ kó wà lókè ní aago yìí, tó sì lè sọ fún oníbọn kó mú sùúrù. Sùúrù náà sì ní ewu tirẹ̀, mi ò ní fi pa mọ́. Ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 1987, ọmọ Jámánì ọlọ́dún 18 kan, Mathias Rust, wa bàálù kékeré kan láti Helsinki lọ balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Red Square ní Mọ́sìkò. Ẹgbẹ́ aṣọ́-òfúrufú Soviet rí i lórí rédà. Ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, àwọn kan náà ti já bàálù akérò Korea, ènìyàn 269 ti kú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ tún dẹ́ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan lára wọn kà á sí bàálù Soviet tó ń kọ́ṣẹ́, àṣẹ ò sì dé. Gorbachev, olórí Soviet nígbà náà, lé mínísítà ààbò àti olórí ẹgbẹ́ aṣọ́-òfúrufú kúrò níṣẹ́. Èyí tí wọ́n já àti èyí tí wọ́n jẹ́ kó kọjá, ibì kan náà ni àìdáa wọn ti wá: wọn ò mọ ohun tó wà lókè.

## Ta ló ń jẹ́ ìpè ta ní Nàìjíríà?

Íjíbítì kọ́ ọgbọ́n tiwọn nínú ìtìjú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 1967, Ísírẹ́lì ba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú bàálù ogun wọn jẹ́ lórí ilẹ̀. Ní ọdún 1968, wọ́n sọ àwọn aṣọ́-òfúrufú di ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó dá dúró, tó ní olórí tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Soviet. Nígbà tí ogun tún dé lọ́dún 1973, mísáìlì tí wọ́n tò sí ẹ̀bá Suez mú kí bàálù Ísírẹ́lì máa bẹ̀rù ibi tó ti ń rìn fàlàlà tẹ́lẹ̀.

Tiwa yàtọ̀. Ìbọn tó ń dojú kọ òkè wà lọ́wọ́ ṣọ́jà ilẹ̀, lábẹ́ artillery tí ilé ẹ̀kọ́ wọn wà ní Kachia ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Bàálù ogun wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú tí a dá sílẹ̀ lọ́dún 1964. Rédà tó ń wo bàálù akérò wà lọ́wọ́ NAMA, àjọ ìjọba tó ń darí ìrìn bàálù, àwọn tí kì í ṣe ológun rárá. Mi ò sọ pé ìpín náà burú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà pín tiwọn. Ohun tí mo ń béèrè ni yàrá tí ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé, àti bí ìpè ṣe ń yá tó láàárín wọn lóru.

Ìtàn wa náà béèrè rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1967, bàálù Fokker kan tí Biafra kó bọ́ǹbù sí wá sí Èkó lóru, ó sì bú gbàù lójú ọ̀run. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ kú. Àwọn kan ní ìbọn wa ló já a, àwọn mìíràn ní bọ́ǹbù inú rẹ̀ ló pa á. Ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 1969, Carl Gustaf von Rosen, awabàálù ọmọ Sweden tó ń jà fún Biafra, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ kó bàálù kéékèèké 5 tí wọ́n ṣe ní Sweden, wọ́n fò bí ẹni ń fẹsẹ̀ kan orí igi, wọ́n sì fi rọ́kẹ́ẹ̀tì lu papákọ̀ Port Harcourt. Bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ni o. Ohun tó kéré, tó rẹlẹ̀, tí kò sì wọ́n ti ń fi ojú ìbọn ńlá gbolẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ dírónù.

## Òkè-Àfà

Ẹni tó gbé Èkó ní ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 2002 kò lè gbàgbé. Ọjọ́ Àìkú ni. Àwọn ohun ìjà tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè Ìkẹjà gbiná, wọ́n sì ń bú títí ilẹ̀ fi ṣú. Fèrèsé fọ́ ní àdúgbò tó jìnnà. Àwọn kan ní ogun ti dé, àwọn kan ní wọ́n ti fipá gba ìjọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ya lọ sí ìhà Ìsọlọ̀ àti Éjìgbò, wọ́n gbé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n fa ọmọ lọ́wọ́. Ní Òkè-Àfà, ewé ti bo ojú omi odò náà, òkùnkùn sì ti ṣú. Wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà ju 1,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kú sínú omi, ọmọdé ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Bọ́ǹbù ò kan àwọn tó kú sómi. Kò sí ọ̀tá lókè. Ìbéèrè Bàbá ni wọ́n ń bi ara wọn bí wọ́n ṣe ń sáré, kí ni yẹn, wọn ò sì rí ẹni tí yóò dá wọn lóhùn. Mo máa ń rántí yàrá Bentley Priory níbí, pé àwọn tó ń sọ fún oníbọn náà ló ń sọ fún onífèrè. A máa ń ka ààbò òfúrufú sí ohun tó ń lọ sókè nìkan. Ìdajì iṣẹ́ náà ni ohùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n pé kó má gba ọ̀nà odò.

## Etí tó wà lórí òpó

Ní Borno, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti ń so bọ́ǹbù mọ́ dírónù. Ní Èkó, dírónù ń ya fọ́tò lórí ìyàwó àti ọkọ lọ́jọ́ Sátidé. Òfin ní kí ẹni tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ èyí tó níwèé. Ó kéré ju ohun tí rédà papákọ̀ ń wá lọ, owó mísáìlì kan sì lè ra àìmọye rẹ̀.

Ukraine ti fi hàn pé wọ́n lè fi ohun tí kò wọ́n dojú kọ ọ́. Wọ́n gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún máíkù sórí òpó káàkiri orílẹ̀-èdè, kí wọ́n lè gbọ́ bí dírónù ṣe ń kùn bọ̀. Láti ọdún 2022, wọ́n ní áàpù kan tí aráàlú tó bá rí ohun tó ń fò yóò tẹ̀, kí ìròyìn rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń darí. Àwọn ọmọ ogun tó gbé ìbọn sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré wá ń lọ dúró síbi tí yóò gbà kọjá. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, mísáìlì tí àwọn ará Ukraine fi ń gbèjà ara wọn lọ já sí abúlé Przewodów ní Poland, ó pa ènìyàn 2. Ohun tó bá gòkè á bọ́ sílẹ̀, ibi tí ilé kún bí Mushin ni ó sì ṣòro jù láti yìn ín.

Nítorí Tudun Biri ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ mímọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 2023, dírónù àwọn ọmọ ogun wa ju bọ́ǹbù sáàárín àwọn tó ń ṣe Máólúdì ní abúlé yẹn ní Kaduna. Ó kéré tán, ènìyàn 85 kú. Láti òkè ni wọ́n ti wo ilẹ̀, wọn ò sì mọ ẹni tí wọ́n ń wò. Bí a bá ra ìbọn tó ń ti ilẹ̀ wo òkè láìtún ọ̀nà mímọ̀ yẹn ṣe, a kàn yí ojú àṣìṣe náà sókè ni, sórí àwọn tó ń bọ̀ láti Kánò àti Lọ́ńdọ̀nù.

Èkó ní nọ́ńbà pàjáwìrì, 112 àti 767. Mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa béèrè ní gbangba nípa ẹni tí yóò kàn lẹ́yìn ìpè náà. Bí ará Mushin kan bá gbọ́ ohun tó ń kùn lórí ilé rẹ̀ ní ààjìn, tó sì pe 112, ta ni ẹni tó gbé fóònù yóò pè? Ta ni onítọ̀hún yóò pè tẹ̀ lé e, títí yóò fi kan ẹni tó lè bi àwọn tó wà nídìí rédà Ìkẹjà pé, “Ṣé tiyín ni?” Mo fẹ́ kí wọ́n dán an wò lóru, kí wọ́n sì fi aago ka ìṣẹ́jú àáyá tó gbà, kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó ìbọn kan ṣoṣo.